Avenue of the Giants ní California: ibo ni ká ti yà, ibo ni ká dúró sí, kí ni ká ṣọ́ra fún?

Àbẹ̀kẹ́Òde béèrè:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. San Francisco la ó ti gbéra ní ìparí oṣù kẹfà, Eureka la sì ń lọ. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ká má bá US 101 lọ tààrà, pé ká yà gba Avenue of the Giants, ọ̀nà kékeré tó gba àárín igi redwood kọjá lẹ́bàá odò Eel. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan la ó wọ̀: àgbà mẹ́ta, ọmọdé méjì. Màmá wà lára àwọn àgbà náà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọn ò lè gun òkè.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Báwo ni ọ̀nà náà ṣe gùn tó, wákàtí mélòó ló sì ń fi kún ìrìn? Ibo gan-an ni ká dúró sí tí Màmá á fi rí igi ńlá láìrìn jìnnà? Ṣé àwọn ọmọ lè wọ odò? Ṣé lóòótọ́ ni igi kan wà tí ọkọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá? Epo àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ẹ ṣeun o.

Adéọ̀nà:

Ẹ káàbọ̀, Àbẹ̀kẹ́. State Route 254 ni nọ́ńbà ọ̀nà náà, máìlì 31 péré ni. US 101 àtijọ́ ni. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rọra rìn. Ọ̀nà méjèèjì ń bá ara wọn lọ, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń pínyà, nítorí náà ẹ ò lè há síbẹ̀. Bí àkókò bá ń lé yín, ẹ lè bọ́ sí 101 padà ní Myers Flat, ní Weott tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Founders Grove.

Láti San Francisco dé Garberville, nǹkan bí máìlì 200 ni, wákàtí mẹ́rin tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ò bá sí. Ìjáde 645 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Phillipsville ni ẹ ó ti yà, ìyẹn bíi máìlì mẹ́fà lẹ́yìn Garberville. Bí àwọn abúlé ṣe tẹ̀ léra láti gúúsù sí àríwá nìyí: Phillipsville, Miranda, Myers Flat, Weott, Redcrest, Pepperwood. Lẹ́yìn Pepperwood ni ẹ ó bọ́ sí 101 ní ìjáde 674.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ìwé, torí máàpù orí fóònù ló máa ń da ètò yìí rú jù. Bí ẹ bá tẹ Eureka nìkan sí i, 101 ló máa mú yín gbà, torí òun ló yá. Tí ẹ bá yà pàápàá, á máa pariwo pé kí ẹ padà. Ẹ fi Miranda, Weott, Redcrest àti Pepperwood ṣe ibi ìdúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà náà ni yóò tó fi yín sílẹ̀ lórí 254. Kí ẹ sì gba máàpù agbègbè náà sórí fóònù kí ẹ tó kúrò ní Garberville. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa lọ á máa bọ̀ lábẹ́ igi, àmọ́ ní apá Bull Creek, odò kékeré tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà náà, kí ẹ kúkú gbà pé kò sí.

Ibì kan tún wà tó ń ṣi àlejò lọ́nà: Richardson Grove. Bíi máìlì mẹ́jọ kí ẹ tó dé Garberville, 101 fúnra rẹ̀ á já wọ àárín igi ńlá, ọ̀nà á fún, ìtì igi á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ọkọ̀. Àwọn kan á rò pé àwọn ti dé, wọ́n á ya fọ́tò tiwọn, wọ́n á sì sáré kọjá ìjáde 645. Ibẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ ń wá ṣì kù níwájú.

Ní ti àkókò, bí ẹ bá wà á láìdúró níbì kankan, nǹkan bí wákàtí kan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà á láìdúró, òjìji igi nìkan ló rí. Ẹ ya wákàtí mẹ́rin sọ́tọ̀ fún un, pàápàá nítorí Màmá àti àwọn ọmọ.

Ọ̀nà náà fún: ọkọ̀ kan ń lọ, ọkọ̀ kan ń bọ̀, etí ọ̀nà ò sì fẹ̀. Àwọn igi kan wà tí wọn ò jìnnà sí ìlà funfun ju ọwọ́ kan lọ. Ibi tí wọ́n fàyè gba 55 wà, àmọ́ 35 sí 40 ló bá ọ̀nà yẹn mu, kí ẹ sì dín in kù sí i nínú abúlé bí pátákó bá ṣe wí. Òfin California ni pé bí ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá tò sẹ́yìn yín, kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí àyè wà, kí wọ́n kọjá. Ibi ìyàsí pọ̀ lọ́nà náà, ẹ lò wọ́n.

Kí ẹ tan iná iwájú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Ìdí ni pé òkùnkùn abẹ́ igi àti ìmọ́lẹ̀ gbalasa ń tẹ̀ léra lójijì. Ojú awakọ̀ kì í tètè bá a mu. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ojú fi ń wá ara rẹ̀, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ tàbí ẹni tó dúró sójú ọ̀nà tó ń wòkè ò ní hàn. Iná yín ló máa jẹ́ kí àwọn náà rí yín.

Epo: ẹ rọ ọ́ kún ní Garberville. Ẹ má gbọ́kàn lé abúlé ojú ọ̀nà. Fortuna ni ẹ ó tún ti rí ilé epo púpọ̀.

Ọlọ́gbàEwé:

Adéọ̀nà ti sọ ọ́ dáadáa. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti yà sí i lọ́tọ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀, ó ti máa ń rẹ ọmọdé àti àgbà kí wọ́n tó dé Phillipsville. Láti Phillipsville títí dé Miranda, ilé àti ilẹ̀ gbalasa pọ̀ láàárín igi. Àárín ọ̀nà ni igi ti dì jù, láti òkè Myers Flat títí dé Founders Grove. Tí ó bá ti rẹ̀ yín, ẹ dúró sórí 101 títí dé Myers Flat, kí ẹ tó yà. Okun tí ẹ bá fi pamọ́, ẹ fi rìn nílẹ̀. Ìrìn orí ilẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ bí àwọn igi yìí ṣe tóbi tó. Láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ìdí igi nìkan lẹ máa rí.

Ilé ìgbàlejò ọgbà Humboldt Redwoods ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, láàárín Myers Flat sí Weott, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó àgọ́ Burlington. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ilé ìtura wà, wọ́n ó sì sọ fún yín ibi tí igi ti wó dí ọ̀nà lọ́sẹ̀ náà. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn ọkọ̀ Charles Kellogg tó wà nínú ibẹ̀. Odidi ìtì redwood kan ni ó gbẹ́ ní 1917, ó sọ ọ́ di ilé, ó gbé e ka orí ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń wà á káàkiri láti bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má gé igi wọ̀nyí tán. Ní ìsọdá títì ni Gould Grove wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kékeré tó tẹ́jú, tí Màmá lè rìn bí ọkàn wọn bá ṣe fẹ́.

Founders Grove ni èkejì, ìjáde 663 fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti 101. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ kò ju ìlàjì máìlì lọ yípo, ó tẹ́jú, ó fẹ̀, a kì í sanwó. Ẹ wá síbẹ̀ kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, ibi ìgbọ́kọ̀sí á ti kún, oòrùn á sì ti já wọlé ní abala-abala. Ibi tó mọ́lẹ̀ á funfun jù nínú fọ́tò, ibi tó ṣú á dúdú jù. Ọjọ́ tí kùrukùru bá wà ló dára jù fún kámẹ́rà. Ẹ fi ènìyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi nínú gbogbo fọ́tò, nítorí bí kò bá sí ènìyàn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé igi náà tóbi.

Founders Tree tí ẹ ó kọ́kọ́ kàn ga ju ẹsẹ̀ bàtà 340 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ lo àkókò yín lé lórí: Dyerville Giant. Nígbà tó wà lóòró, ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 362, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó 17. Ó wó ní oṣù kẹta ọdún 1991, nígbà tí òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀ tí igi mìíràn sì ti wó lù ú. Wọ́n fi í sílẹ̀ síbi tó wó sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi gbòǹgbò rẹ̀ tó ká sókè, kí ẹ rọra rìn lọ sápá orí. Ewéko àti ọmọ igi tuntun ti hù sára rẹ̀, wọ́n ń jẹun lára rẹ̀. Igi tó wó báyìí lè wà nílẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó tó jẹrà tán, torí náà wọn kì í kó o kúrò. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gùn ún: ó ń yọ̀, ó ga, ohun tó hù sára rẹ̀ sì rọrùn láti fà tu.

Níbi gbòǹgbò yẹn, ẹ máa rí i pé kò jìn wọlẹ̀ bí ènìyàn ṣe rò. Redwood kì í ní gbòǹgbò ńlá tó gún ilẹ̀ lọ ní ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 12 ni ti wọn máa ń wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 100, á sì lọ́ mọ́ ti àwọn igi tó yí i ká, tí wọ́n á jọ máa di ara wọn mú nínú ìjì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ní ká má kúrò lójú ọ̀nà ẹsẹ̀. Tí ẹsẹ̀ àlejò bá tẹ ilẹ̀ títí tó fi le, omi àti afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó wà nítòsí òkè á sì kú. Ìgbésẹ̀ méjì láti lọ fọwọ́ kan igi ò jọ nǹkan kan lójú ẹni tó gbé e, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń gbé ìgbésẹ̀ kan náà lọ́dọọdún. Igi tí a lè fọwọ́ kàn láti ojú ọ̀nà pọ̀ dáadáa. Ẹ fọwọ́ kan ìwọ̀nyẹn, kí ẹ sì wo bí èèpo rẹ̀ ṣe rọ̀ tó sì nípọn. Lára àgbà igi, ó lè nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Èèpo yìí ni kò jẹ́ kí iná pa wọ́n. Ẹ máa rí igi tí iná ti jẹ ìdí rẹ̀ tó di ihò ńlá, tí orí rẹ̀ ṣì ń yọ ewé tútù.

Tí ó bá ṣì ku okun, ẹ gba Mattole Road lọ sí Rockefeller Loop, nǹkan bí máìlì kan àti díẹ̀ láti 101. Òun náà kúrú, ó tẹ́jú, ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sì ju ti Founders Grove lọ. Igbó Rockefeller tó yí i ká tó éékà 10,000. Ọdún 1931 ni wọ́n rà á lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ agégẹdú, tí John D. Rockefeller Kékeré sì fi mílíọ̀nù méjì dọ́là ṣe ìrànwọ́. Kò tún sí ibòmíràn láyé tí redwood àtayébáyé tí ẹnikẹ́ni ò gé rí ti pọ̀ lójú kan tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má wá Hyperion, igi tó ga jù lọ láyé, kiri níhìn-ín o. Redwood National Park ní òkè àríwá ni igi yẹn wà, wọ́n sì ti fi òfin dènà àyíká rẹ̀ láti ọdún 2022, torí ẹsẹ̀ àlejò ti ba ìdí rẹ̀ jẹ́.

Àbẹ̀kẹ́Òde:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan méjì ló kù. Àwọn ìbátan wa kan fẹ́ bá wa lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá tí a ń sùn sí, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30, wọ́n sì ní ajá. Ṣé ọ̀nà náà gbà wọ́n? Kò sì tíì sí ẹni tó dá mi lóhùn lórí igi tí ọkọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n simi lórí rẹ̀.

BàbáTáyà:

Àbúrò mi, 254 gba ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 30. Ohun tí awakọ̀ rẹ̀ máa ṣọ́ ni dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Nínú kọ́nà, bí ó bá sá fún ọkọ̀ tó ń bọ̀, ara igi ló máa sá lọ bá, igi yẹn ò sì ní yẹ̀ fún un. Kó dín eré kù kó tó wọ kọ́nà, kó má dúró di ìgbà tó bá wà nínú rẹ̀. Àmọ́ kó má gbé e wọ Mattole Road lápá Bull Creek. Ọ̀nà yẹn fún gan-an, ó gbun, igi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ojú títì, kò sì sí ibi tí ó ti lè yí padà nírọ̀rùn. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ ńlá sílẹ̀, kí wọ́n wọ tiyín lọ síbẹ̀.

Ibùdó àgọ́ mẹ́ta ni ọgbà náà ní tí ọkọ̀ lè wọ̀: Burlington, Hidden Springs àti Albee Creek. Burlington ló máa ń ṣí tọdún tọdún, ó sì wà lójú 254 gan-an. Kò sí ibi tí ẹ ti lè so iná tàbí omi mọ́ ọkọ̀, nítorí náà kí wọ́n kún tánkì omi kí wọ́n tó dé, kí wọ́n sì wo gígùn ọkọ̀ tí àyè kọ̀ọ̀kan gbà nígbà tí wọ́n bá ń gba ààyè sílẹ̀ lórí ReserveCalifornia. Ìparí oṣù kẹfà tètè máa ń kún. Béárì wà nínú igbó náà. Oúnjẹ, ọṣẹ àti ìpara tó bá ń rùn, inú àpótí irin tó wà nínú ibùdó ni kí wọ́n tì í mọ́.

Ajá: a gbà á nínú ibùdó àgọ́ àti lójú títì, pẹ̀lú okùn tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ. A kò gbà á lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó, ì báà jẹ́ ajá jẹ́jẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹnì kan á máa dúró ti ajá nígbà tí àwọn yòókù bá wọ Founders Grove. Kí wọ́n ṣètò ẹni tó máa kọ́kọ́ dúró kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Igi tí ọkọ̀ ń gba inú rẹ̀: ọ̀kan wà lójú ọ̀nà yín ní Myers Flat, Shrine Drive-Thru Tree. Èkejì ni Chandelier Tree ní Leggett, tí ẹ ó kọ́kọ́ kàn kí ẹ tó dé Garberville. Méjèèjì, ti aládàáni ni, ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti sanwó. Ihò ti Leggett fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 9. Ẹ wọn ọkọ̀ yín pẹ̀lú dígí rẹ̀ kí ẹ tó tò sí ìlà. Ọ̀pọ̀ jíìpù òde òní ò lè kọjá láìká dígí wọlé, àwọn mìíràn ò lè kọjá rárá, ẹ̀yìn lẹ ó sì fi jáde pẹ̀lú ìlà ọkọ̀ gígùn lẹ́yìn yín. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 30 yẹn, kó má sún mọ́ ọn.

Ọlọ́gbàEwé:

Kí n fi díẹ̀ kún ti BàbáTáyà. Bí owó àti àkókò bá ní ìwọ̀n, ẹ fi igi tí ọkọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá sílẹ̀. Lílu irú ihò bẹ́ẹ̀ ń gé ọ̀nà omi àti oúnjẹ igi, ó sì ń sọ ìdí rẹ̀ di aláìlágbára, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń gbẹ́ tuntun mọ́. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Drury-Chaney lápá Pepperwood. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tẹ́jú ni, tó ń lọ tó ń bọ̀ ní nǹkan bí máìlì méjì ààbọ̀, àmọ́ ẹ ò ní láti rìn ín tán. Ewéko kékeré kan bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, ewé mẹ́ta-mẹ́ta tó rí bí ọkàn. Bí oòrùn bá já lé e, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pa pọ̀ wálẹ̀. Tí òjìji bá padà, á tún là. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tí oòrùn ń sún bọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Ewé mẹ́ta mìíràn wà níbẹ̀ tí wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, poison oak, tó ń mú ara yún. Tirẹ̀ ń dán, etí rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó ń pọ́n nígbà mìíràn, ó sì ń hù ga bí igbó tàbí kó gun ara igi. Èyí tó ń kálẹ̀ lábẹ́ igi dúdú, tó rí bí ọkàn, kò léwu. Etí odò àti ibi tí oòrùn ti ń ràn ni poison oak ti pọ̀ jù. Bí ó bá kan ara, ẹ tètè fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́, kí ẹ fọ aṣọ náà pẹ̀lú, nítorí òróró rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àti irun ajá.

ÀsàkẹOdò:

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ odò sọ, torí ọmọdé wà níbẹ̀. South Fork Eel ló ń bá ọ̀nà náà rìn láti Phillipsville dé Dyerville, níbi tó ti dà pọ̀ mọ́ odò Eel gan-an. Ní ìparí oṣù kẹfà, omi ti lọ sílẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ti hàn létí rẹ̀, omi náà sì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ọmọ lè wọ̀ ọ́, pàápàá lápá Williams Grove tí wọ́n ti ń gba owó ọkọ̀ lójúmọ́. Àwọ̀ omi ló ń tan ènìyàn jẹ. Ibi tó tú yàà tó ń tàn yẹ̀rì lè jìn lójijì lẹ́bàá àpáta, torí níbi tí odò ti ń kọ́ kọ́nà ni omi ti máa ń gbẹ́ ilẹ̀. Apá inú kọ́nà, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ kó jọ sí, ni kí wọ́n dúró sí. Kí wọ́n wọ bàtà, òkúta abẹ́ omi ń yọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ sómi láti orí àpáta, kó má ṣe é: igi tí omi gbé wá nígbà òjò wà nísàlẹ̀ tí kò hàn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ewédò olóró. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá gbóná tí kò sì ṣàn púpọ̀, irú ewédò kan tó máa ń ní májèlé ń hù nínú South Fork Eel. Ajá ti kú nídìí rẹ̀ lódò yẹn, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ máa rí i bí ìdìpọ̀ tó ṣókùnkùn tàbí tó ní àwọ̀ ewé, tó lẹ̀ mọ́ òkúta tàbí tó ti já tó ń léfòó létí omi. Èyí tó ti já yẹn ni ajá máa ń jẹ, torí òórùn rẹ̀ ń fà wọ́n. Ewu náà ń pọ̀ sí i láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, àmọ́ ọdún tí òjò ò bá pọ̀, ó lè tètè bẹ̀rẹ̀. Kí ajá má wọ omi tó dúró sójú kan, kó má sì mu ún. Kí àwọn ìbátan yín gbé omi mímu tirẹ̀ dání. Àwọn ọmọ náà, kí wọ́n má gbé omi odò mì, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ ṣan wọ́n lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ wo pátákó tó bá wà létí omi. Bí ẹ bá rí ìkìlọ̀ níbẹ̀, ẹ fi odò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, igi ti tó wò.

Káyọ̀dé_K:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ó bá jẹ́ oṣù kejìlá ni ènìyàn fẹ́ lọ ńkọ́?

Adéọ̀nà:

Káyọ̀dé, ó ṣeé lọ, àwọn ènìyàn ò sì pọ̀ nígbà náà, àmọ́ ètò mìíràn ni. Òjò ibẹ̀ ń pọ̀ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin. Láyé ìsinsìnyí, tí ẹ bá dé Weott, ẹ wá òpó tí wọ́n fi àmì sí lókè lẹ́bàá ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàtà 33 sókè. Ibi tí omi dé nìyẹn ní oṣù kejìlá ọdún 1964, nígbà tí odò Eel gbé ilé lọ ní Weott àti ní Pepperwood. Kí ẹ dúró sí ìdí òpó náà, kí ẹ wòkè. Ní 1955 pàápàá, omíyalé ti wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ redwood létí Bull Creek, torí wọ́n ti gé igi orí òkè tó wà lókè odò náà, kò sì sí ohun tó máa di ilẹ̀ mú mọ́. Ọgbà ti ra òkè náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, kí igi ìsàlẹ̀ má bàa tún lọ.

Ohun tí èyí jẹ́ fún awakọ̀: kí ẹ wo QuickMap, máàpù ipò ọ̀nà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Caltrans, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà ní California, láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lọ, kì í ṣe ní alẹ́ àná, torí ilẹ̀ lè ya wálẹ̀ sójú 101 tàbí 254 ní òru kan. Tí ẹ bá ń lo ohun ìnu òjò ojú dígí, òfin ní kí iná iwájú wà ní títàn. Ewé tútù tó kó sójú títì ń yọ̀, ẹ tètè máa tẹ bírékì díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ á tètè ṣú, abẹ́ igi á sì ti dúdú kí aago márùn-ún tó lù, torí náà kí ẹ ti rin ìrìn ẹsẹ̀ tán ní aago mẹ́ta. Wọ́n máa ń yọ àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan lórí Bull Creek kí omi tó kún, nítorí náà ẹ má retí láti ti ibi ìgbọ́kọ̀sí Big Trees kọjá sódì kejì.

Bí afẹ́fẹ́ líle bá ń fẹ́, ẹ má wọ inú igbó rárá. Ẹ̀ka tó já láti ẹsẹ̀ bàtà 200 sókè kì í kìlọ̀ kó tó dé ilẹ̀. Ẹ jókòó sí ilé ìgbàlejò títí tí yóò fi rọlẹ̀, tàbí kí ẹ bọ́ sí 101 ní Weott kí ẹ máa lọ.

Ìkan kù tí mi ò sọ fún Àbẹ̀kẹ́: eré ìje orí ọ̀nà náà máa ń wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, òmíràn sì wà ní oṣù kẹwàá, wọ́n á sì dí apá kan ọ̀nà náà lápá Dyerville ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìje. Ti ìparí oṣù kẹfà ò ní ìyẹn.